Inú ń run ọmọ mi ní gbogbo àárọ̀ ilé ìwé. Ẹ̀yin ará Òkun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Kàbà

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi ní ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ọ̀rọ̀ kan ti sú mi í dá rò, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà ní praímárì fọ́ọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ níparí táàmù tó kọjá, táàmù yìí ló wá le. Bí ilẹ̀ ọjọ́ ilé ìwé bá ti ń mọ́ báyìí, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ẹ má rò pé irọ́ ló ń pa. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo bá a létí bẹ́ẹ̀dì, ó ti wọ yunifọ́ọ̀mù tán, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ kan, ìkejì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Òógùn ń yọ lórí imú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ṣì ń fẹ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tutù bí omi inú fìríìjì. Bí ọlọ́kadà ṣe dé tó tẹ fèrè, gbogbo ògì tó mu ló bì sílẹ̀.

Tó bá di Sátidé, kò sóhun tó ń ṣe é. Á jẹ iyán, á bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ yunifọ́ọ̀mù, ojú rẹ̀ á ti yí padà.

Ilé ìtọ́jú kan yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. A tọ́jú rẹ̀. Ó tún dé, a tún tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta rèé láàárín oṣù méjì, abẹ́rẹ́ ti mú kí ìdí ọmọ le. Bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ní ọ̀lẹ ló ń ṣe, kí n fi pàṣán lé e dé kíláàsì. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń dà á láàmú. Èmi tí mo bí i wà láàárín, mi ò mọ èyí tí màá ṣe.

Bàbá Ìbejì, Mọ̀pà

Ẹ kú ìnira, màmá. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Kẹ́hìndé mi wà ní JSS 2, kì í lè dìde dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì. Táíwò á máa sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà, Kẹ́hìndé ò ní ya ẹnu. Bẹ́ẹ̀ nílé, òun gan-an ló ń pariwo jù. Mo jókòó síbí, mò ń retí ohun tí àwọn tó mọ̀ máa sọ.

Tíṣà Obìnrin, Ìyàrà

Ọdún kẹtàdínlógún mi rèé nídìí iṣẹ́ tíṣà. Irú ọmọ yìí pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. A kì í tètè rí wọn ni, torí wọn kì í yọ wá lẹ́nu. Ọmọ tó ń jà la máa ń rí. Èyí tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń tọrọ àyè láti lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó di bíréèkì, tó ń pa iṣẹ́ tó tọ̀nà rẹ́ nítorí pé lẹ́tà kan wọ́, a máa ń ní ọmọ dáadáa ni.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín, màmá, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó dáhùn. Kí ni ọmọ yìí máa ń bi yín lálẹ́ kó tó sùn? Ohun tó bá ń bà wọ́n lẹ́rù lọ́sàn-án, alẹ́ ni wọ́n máa ń béèrè rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Kàbà

Tíṣà, ìbéèrè yín mú mi jókòó. Ohun kan náà ló máa ń bi mí lálaalẹ́: "Màmí, ṣé ẹ ò ní rìnrìn àjò lọ́la?" Màá ní mi ò lọ ibì kankan, sùn. Á tún béèrè. Nígbà mìíràn ó ń tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

Mo wá ń rò ó báyìí, ara mi sì ń gbọ̀n. Ọ̀dọ̀ wa ni ìyá mi ń gbé. Inú oṣù kọkànlá ni wọ́n kú, láàárọ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé. Ọmọ yìí ni wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan. Kó tó dé, a ti gbé wọn kúrò, a ti palẹ̀ yàrá mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọdé ò gbọdọ̀ gbọ́. A ní ìyá àgbà rìnrìn àjò. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, ilé àbúrò mi ní Lọ́kọ́ja la kó àwọn ọmọ lọ.

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀

Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe lẹ ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún èmi náà nígbà tí bàbá mi kú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi ojú ọmọ wò ó. Ó lọ sílé ìwé, ẹni tí wọ́n jọ ń sùn rìnrìn àjò láì dágbére, kò sì padà mọ́. Kí ló kù tó máa rò, bí kò ṣe pé bí òun bá tún lọ sílé ìwé, ìyá òun ló kàn? Kì í ṣe ilé ìwé ni ọmọ yìí ń bẹ̀rù. Ilé tó ń fi sílẹ̀ ni àyà rẹ̀ ń já sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe nínú ara, nítorí àwọn tó ń sọ pé ọmọ ń díbọ́n. Ọlọ́run dá ara wa pé bí ewu bá yọjú, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lórí kíndìnrín pé kó tú oje kan tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa lù kìkì, èèyàn á máa mí gúlegúle, ẹ̀jẹ̀ á fi ikùn àti awọ ara sílẹ̀ lọ sí iṣan apá àti ẹsẹ̀ kí onítọ̀hún lè sá tàbí kó jà. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń run ún, tí ọwọ́ rẹ̀ fi tutù, tí ògì ò fi dúró. Ìrora yẹn, òtítọ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ajá tó yẹ kó máa gbó olè ti ń gbó onílé.

Gbogbo ọmọ ló ń bẹ̀rù nǹkan. Ọmọ oṣù mẹ́jọ títí dé bí ọdún mẹ́ta á máa sunkún tí ìyá rẹ̀ bá jáde. Ọmọ ọdún márùn-ún á máa bẹ̀rù òkùnkùn. Èyí tó ti ń bàlágà, ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa sọ nípa rẹ̀ ló ń kó o láyà sókè. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ti ju ọjọ́ orí ọmọ lọ, tó kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kò lọ, tó sì ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá ilé ìwé, oorun, oúnjẹ tàbí ọ̀rẹ́, a gbọ́dọ̀ wá ìtọ́jú. Ibà àti aràn ṣì wà lóòótọ́, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ibà tó ń mọ Sátidé yàtọ̀ sí ọjọ́ Ajé, ibà kọ́.

Àṣìṣe tí èmi alára ṣe fún àkọ́bí mi kí n tó mọ̀ rèé. Ọmọ sunkún, mo ní ó dáa, jókòó sílé lónìí. Kíá, inú ò run ún mọ́. Ara tu ọmọ, ara tu èmi náà. Àmọ́ ọmọ ti kọ́ ọ pé àìlọ ló gba òun, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ẹ̀rù náà ti dàgbà sí i. Pàṣán náà ò sì lè ṣe é, ẹ̀rù ló ń fi kún ẹ̀rù. Ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì ni pé kí ọmọ máa sún mọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù níwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká, kó dúró níbẹ̀ títí àyà rẹ̀ á fi rọ̀, kó tó tún sún síwájú. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Tó bá jẹ́ èmi ni, màá kọ́kọ́ sọ òtítọ́ fún un. "Ìyá àgbà kú." Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kí ẹ lò. Ẹ má ní wọ́n sùn, kó má baà máa bẹ̀rù oorun. Ẹ jẹ́ kó sunkún, ẹ̀yin náà ẹ sunkún níwájú rẹ̀, kò ní pa á lára. Bó bá fẹ́ rí sàréè, ẹ mú un lọ.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ bá tíṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ ṣètò bó ṣe máa padà. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kó dé géètì, kí ẹ jọ dúró títí ìnira yẹn á fi lọ sílẹ̀. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, kó wọlé, kí ẹ jókòó síta níbi tó ti lè rí yín. Lẹ́yìn ìyẹn kó wà níbẹ̀ dé bíréèkì, lẹ́yìn náà dé ìparí. Bó bá ṣòro lọ́jọ́ kan, ẹ má padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ dúró lójú ibi tí ẹ dé. Ẹ má fi ẹ̀tàn sá mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó bá yíjú. Ẹ dágbére, ọ̀rọ̀ kúkúrú kan náà lójoojúmọ́: "Aago méjì, màá wà lábẹ́ igi máńgòrò." Kí aago méjì sì bá yín níbẹ̀.

Ní ti ìbéèrè alẹ́, ẹ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún béèrè, ẹ ní, "Kí ni mo sọ lẹ́ẹ̀kan?" kí òun fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí àyà rẹ̀ bá ń já, ẹ kọ́ ọ kó fa èémí wọlé jẹ́ẹ́, kó wá fẹ́ ẹ jáde pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná. Ẹ jọ máa ṣe é lálẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, kó má jẹ́ pé ọjọ́ ìjà lẹ ń kọ́ ọ níjà.

Alàgbà, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín, mi ò sì fẹ́ bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ sílé ìwé, inú ìbáà máa run wá, inú ìbáà má run wá. Pankẹ́rẹ́ ló sọ wá dèèyàn. Bí a bá ń gbé ọmọ bí ẹyin báyìí, ṣé ayé náà máa gbé e bí ẹyin?

Akẹ́kọ̀ọ́, Lọ́kọ́ja

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Èmi ni ọmọ tí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ wò.

Ìsánlú ni mo ti ka sẹ́kọ́ńdìrì. Ní SS 1, tíṣà máa ń ní kí a dìde ka ìwé sókè, láti orí ìlà àkọ́kọ́ dé ẹ̀yìn. Mo máa ń ka iye orí tó kù kó tó kàn mí. Bó bá ku ẹni mẹ́ta, mi ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń kà mọ́, ọkàn mi nìkan ni mò ń gbọ́. Bó bá kàn mí, ohùn ò jáde. Wọ́n nà mí nítorí rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n nà mí lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo wọ yunifọ́ọ̀mù kúrò nílé, mo yà sínú oko kajú, mo jókòó síbẹ̀ títí àwọn ẹgbẹ́ mi fi ń bọ̀ láti ilé ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jẹ kajú títí ètè mi fi bó. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tuntun kan ló gbà mí. Ó ní kí n máa wá kà fún òun nìkan nígbà bíréèkì. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní kí n mú ọ̀rẹ́ mi kan wá. Nígbà tó yá, a di márùn-ún. Lọ́jọ́ tí mo kà ní kíláàsì, ìwé ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi débi pé mo gbé e lé orí tábìlì, ṣùgbọ́n mo kà á parí. Òun kọ́ ló pè é ní ìtọ́jú o. Yunifásítì ni mo dé kí n tó gbọ́ pé ohun tó ṣe fún mi lórúkọ.

Alàgbà, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Ọmọ mi, mo gbọ́. Bùrọ̀dá mi kan wà tó fi ilé ìwé sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, gbogbo wa ní olódo ni. Wọ́n ṣì wà láyé. Títí di òní wọn kì í wá síbi àpéjọ ẹbí, inú oko ni wọ́n máa wà. Mi ò fojú yìí wò ó rí.

Ìyá Oníkajú, Ìsánlú

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi yàtọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wà ní bọ́dìn. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti ń dá ọ̀nà wa, kò fẹ́ wọ mọ́tò mọ́. Bó bá kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé, kò ní sùn. Orí fóònù ló máa ń wà títí òru, á máa wo gbogbo fídíò tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ohun tó ń bẹ̀rù kì í ṣe irọ́.

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀

Òtítọ́ lẹ sọ, màmá. Ẹ má sọ fún un pé kò sí nǹkan, torí ó mọ̀ pé nǹkan wà, kò sì ní gbà yín gbọ́ mọ́ lórí ohun mìíràn. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe sí i: ojúmọmọ nìkan la ó rìn, mọ́tò tí a mọ awakọ̀ rẹ̀ la ó wọ̀, a ó kọ́kọ́ pe àwọn tó wà lọ́nà kí a tó gbéra, bí ọ̀nà ò bá dáa a ó sún un síwájú. Kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣètò, kó jẹ́ òun ni yóò máa tẹ fóònù. Ọmọ tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í bẹ̀rù tó ọmọ tí wọ́n kàn gbé sínú mọ́tò.

Fídíò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo, bó bá wò ó nígbà ogún, ogún ìṣẹ̀lẹ̀ ni lójú ọpọlọ rẹ̀. Kí fóònù má bá a sùn. Kí àwa àgbà náà yé jókòó sí pálọ̀ ka ìròyìn burúkú sókè. Bó bá jẹ́ pé ó rí i ṣojú, tàbí wọ́n mú ẹni tó mọ̀, tó ń ta gìrì lójú oorun, ẹ má dúró dé ìsinmi, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Pásítọ̀ Ìjọ Kékeré, Kàbà

Màmá ọlọ́mọ mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ yìí pé ẹgbẹ́ ọ̀run ń pè é. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún, tí kò lè dá wọ balùwẹ̀ mọ́. Ẹ má sì fi ebi pa ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lórúkọ ààwẹ̀. Ẹ mú un wá kí n gbàdúrà fún un, ìṣẹ́jú márùn-ún, níwájú yín, kí ẹ sì máa bá ti nọ́ọ̀sì lọ.

Bàbá Ìbejì, Mọ̀pà

Nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní kí n máa fún Kẹ́hìndé ní ìdajì Valium ní àárọ̀ ìdánwò, pé ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀

Rárá o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́. Oògùn yẹn á kun ọmọ lóorun, kò ní jẹ́ kó rántí ohun tó kà, ó sì máa ń di bárakú. Kẹ́míìsì kọ́ ló ń pinnu oògùn ọpọlọ fún ọmọdé.

Oògùn tó wúlò fún èyí wà, irú bíi sertraline àti fluoxetine, dókítà ló ń kọ ọ́, ó sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde ní 2008, lórí ọmọ 488 tí wọ́n jẹ́ ọdún 7 sí 17. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó gba oògùn sertraline pọ̀ mọ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àti ìgbésẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí mo ń wí yìí, 81 ló sàn dáadáa. Ọ̀rọ̀ sísọ àti ìgbésẹ̀ nìkan, 60. Oògùn nìkan, 55. Àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, 24. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe ti ọ̀rọ̀ sísọ nínú ìwádìí yẹn o, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ọ̀nà yìí, tí tíṣà àti òbí lè bẹ̀rẹ̀, lágbára tó oògùn, ó sì dáa kí èèyàn kọ́kọ́ tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì kọ oògùn fún ọmọ, ẹ má fi í sílẹ̀ lójú ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Láti 2004 ni àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára rẹ̀ pé ó lè mú àwọn ọmọ kan máa ronú láti pa ara wọn. Ẹ má dá a dúró lójijì láì bi dókítà.

Ẹ̀yin ará Yàgbà, ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ àti ìwà wà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ̀yin tó sún mọ́ Lọ́kọ́ja, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ilé wèrè lẹ ń gbé ọmọ lọ. Bí ọmọ bá ń sọ pé ó wu òun kí òun kú, tó ń gé ara rẹ̀, tàbí tó ti dẹ́kun jíjẹun, ẹ má dúró de ìmọ̀ràn wa níbí, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbéra, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀ rárá.

Ní ti Kẹ́hìndé, ẹ bẹ̀rẹ̀ bí tíṣà akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì yé bá a dáhùn. Bí ẹnìkan bá bi í ní nǹkan lójú ọ̀nà, ẹ ka ení títí dé márùn-ún nínú yín kí ẹ tó ya ẹnu. Kí Táíwò náà yé gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Kàbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo ní kí n padà wá jíṣẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo sọ fún un. Mo pe bàbá rẹ̀ sórí fóònù kí òun náà lè gbọ́. Mo ní, "Ìyá àgbà ò rìnrìn àjò. Wọ́n kú." Kò sunkún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo rí i pé wọn ò mú bàtà wọn lọ." Bàtà náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lóòótọ́, àwa ò rí i. Gbogbo ìgbà yẹn ni ọmọ yìí ti ń dá gbé e. A jọ sunkún títí. Bàbá rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ pàṣán mọ́.

Ilé ìwé ò rọrùn. Ọjọ́ kejì ní géètì, ó bì. Mo fẹ́ gbé e padà sílé, àánú rẹ̀ ń ṣe mí púpọ̀, ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀rọ̀ yín, a dúró. Bí ogún ìṣẹ́jú, ó ní òun fẹ́ mu omi. Tíṣà rẹ̀ fún un níṣẹ́ pé òun ni yóò máa kó ṣọ́ọ̀kì wá láti ọ́fíìsì láàárọ̀, ìyẹn ràn án lọ́wọ́ ju ohun tí mo lè ṣe lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mi ò lè dé aago méjì geere nítorí ọjọ́ ọjà Kàbà ni, ó burú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a lo ọjọ́ mẹ́ta kí a tó padà síbi tí a dé. Ní báyìí, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gun ọ̀kadà lọ. Inú ṣì ń run ún ní ọjọ́ Ajé. Á fẹ́ èémí bí ẹni ń fẹ́ ògì, á sì lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a lọ síbi sàréè. A ro koríko ibẹ̀. Ó gbé bàtà yẹn dání, mi ò sì bi í léèrè. Ó bi mí bóyá ìyá àgbà mọ̀ pé òun ni ó ń kó ṣọ́ọ̀kì. Mo ní kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn. Mo sún sẹ́yìn díẹ̀, ó sì jókòó, ó rò fún wọn.

Bàbá Ìbejì, Mọ̀pà

Mo ka èyí, omi bọ́ lójú mi. Mo ti rí tíṣà Kẹ́hìndé. Ọjọ́rú ni yóò kọ́kọ́ lọ kà fún un nígbà bíréèkì, ojú ewé kan péré. Táíwò ní òun náà fẹ́ bá a lọ, mo ní rárá, kó ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ kẹta.